Bí Mo Ṣe Lọ Bá Ọdẹ́níran Lórí Òkun Gbọ̀npẹ̀pẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ pé jọ sí abẹ́ igi àfọ̀n yìí, ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ ẹ̀pà, kí ó jẹ ẹ́ tán kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí n kò lè máa sọ̀rọ̀ kí eyín ènìyàn máa dá mi lóhùn. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ pé òun yóò béèrè ohun tí mo ti sọ kọjá, kí ó tètè máa lọ sílé. Ọ̀rọ̀ dà bí ẹ̀tù ìbọn: ẹni tí ó bá ń dà á sílẹ̀ lásán, ọjọ́ tí ẹkùn bá dé ni yóò rí i pé àpò òun ti ṣófo.

Èmi ni Ọdẹ́wùmí, ọmọ Òkè-Àfọ̀n, ọdẹ tí ó na ẹbọra ní pàṣán ní ọ̀sán gangan, tí ó sì ní kí ó dúpẹ́. Mo ti wọ ihò òòrẹ̀ sùn rí. Òòrẹ̀ ni ó jáde fún mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. N kò sọ ọ́ kí ẹ lè rẹ́rìn-ín, mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú ọkùnrin tí òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Inú bí mi nínú ìrìn-àjò yẹn, inú náà kò sì tíì rọ̀ títí di òní. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó dìde.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí ń jẹ́ Ọdẹ́jàyí. Ọjọ́ kan náà ni èmi àti òun gba ìbọn. Nígbà tí ó kú, a sin ín bí a ti ń sin ọdẹ, ṣùgbọ́n a kò lè ṣí ìpà rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò kó aṣọ ìgbẹ́ rẹ̀, àpò rẹ̀ àti fìlà rẹ̀ jọ, wọn yóò dì í ní ẹrù, ọdẹ tí ó dàgbà jù yóò gbé e lé èjìká lọ sí oríta igbó. Ní ìlú tiwa, ọmọ òkú ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ẹrù yẹn kalẹ̀ láti èjìká àgbà, tí yóò sì pe baba rẹ̀ lórúkọ lẹ́ẹ̀mẹta, pé kí ó máa lọ, kí ó fi igbó sílẹ̀ fún àwọn tí ó kù. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òkú ọdẹ kì í lọ. Yóò jókòó ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò máa fi ọwọ́ dí ẹnu ìbọn wọn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an nìyẹn. Ìbọn wa kò dún mọ́. A ó yìn ín, yóò ṣe kẹ́, yóò dákẹ́. Àgbọ̀nrín ń kọjá níwájú wa, ó ń fi ìrù lé eṣinṣin. Òmíràn wọ àgbàlá Olúọdẹ, ó jẹ ilá rẹ̀ tán, ó sì wò ó lójú dáadáa kí ó tó lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọdẹ́jàyí bí ni Ọdẹ́níran. Ọmọ náà sì ti fi ìbínú kúrò nílé kí baba rẹ̀ tó kú. Ọ̀nà àríwá ni àwọn èrò ní àwọn ti rí i gbẹ̀yìn. Kàkà kí àwọn àgbààgbà ìlú wá a lọ, opó ni wọ́n dojú kọ. Wọ́n ní Àwẹ̀ró, ìyá Ọdẹ́níran, mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, ó kàn ń fi í pamọ́ ni. Wọ́n ní bí ọdún iṣu tuntun bá dé tí a kò bá tíì ṣí ìpà, kí ó di ẹrù rẹ̀, kí ó fi ìlú sílẹ̀. Obìnrin tí ó ti ń se oúnjẹ fún gbogbo wọn láti ìgbà tí wọn kò tíì hu irùngbọ̀n!

Mo lọ bá Olúọdẹ nílé rẹ̀.

"Olúọdẹ, ta ni ó dá ẹjọ́ yìí?"

"Ìlú ni."

"Ìlú kò ní ẹnu. Ẹnu ta ni?"

"Ọdẹ́wùmí, ṣe sùúrù. Kò sí ẹran nínú ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni."

"Ṣé Àwẹ̀ró wá ni ẹran náà?"

Ó ń wo ibi tí ilá rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Mo padà sílé, mo di àpò mi. Àwẹ̀ró dúró dè mí ní ẹ̀yìn ìlú, ó di àádùn sínú ewé fún mi.

"Bàbá Ọdẹ, bí ẹ bá rí ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án."

"N kò ṣèlérí."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí ó jẹun kí ẹ tó nà án."

Mo gba àádùn, mo kọrí sí àríwá. N kò ní sọ bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ fún yín. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìṣísẹ̀, kí ó tẹ̀ lé ewúrẹ́ lẹ́yìn.

Igbó àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ ni igbó Ẹlẹ́tí-Kan. Iwin ni. Etí kan ṣoṣo ni ó ní, àárín orí ni ó wà, ó fẹ̀ tó àtẹ, òun ni ó sì fi ń fẹ́ ara rẹ̀ bí oòrùn bá mú. Ó na ẹsẹ̀ dí ọ̀nà.

"Ọmọ ènìyàn, ẹni tí kò bá já àlọ́ mi, inú etí mi ni yóò máa gbé. Kí ni ó ń gbá ọba létí tí ọba kò lè mú un?"

"Atẹ́gùn ni. Ọmọ ọwọ́ ìlú mi mọ̀ ọ́n."

"Kí ni ó kéré ju èékánná lọ, tí ó ń gbé odindi igbó mì?"

"Ìṣáná. Ká ẹsẹ̀ rẹ kò."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rọra na ẹsẹ̀ náà sí i. "Kí ni ó kú tí kò lọ, tí ó jókòó ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ẹnu ìbọn wọn fi dí?"

Ẹ̀yin ará mi, ojú mi pọ́n. Ọ̀rọ̀ tí ó gbé mi kúrò nílé, tí ó fẹ́ sọ opó di aláìnílé, òun ni iwin fi ń dá ara rẹ̀ lára yá! Mo sún mọ́ ọn, mo fi ẹnu sí etí rẹ̀ yẹn, mo sì kígbe mọ́ ọn pé: "Ọdẹ tí a kò ṣí ìpà rẹ̀ ni! Ọ̀rẹ́ mi ni! Orúkọ rẹ̀ a máa jẹ́ Ọdẹ́jàyí, ó sì fẹ́ràn ẹ̀wà!" Iwin náà ṣubú lulẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú etí rẹ̀. Ibẹ̀ ni òun ti ń sunkún. Ó ní gbogbo ẹni tí ó ti ń kọjá ni ó ń fi ẹ̀rín já àlọ́ òun, òun kò mọ̀ pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ń dun ènìyàn. Mo ní ó ti wá mọ̀ báyìí. Mo fo ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá.

Lẹ́yìn igbó náà ni mo dé ìlú kan tí gbogbo ará ibẹ̀ ti ń fi agbọ̀n pọnmi. Wọn yóò ki agbọ̀n bọ odò, wọn yóò gbé e rù, omi yóò tú dà sí wọn lára tán kí wọ́n tó délé, wọn yóò sì tún padà. Wọ́n ń kí ara wọn kú iṣẹ́. Mo gé akèrègbè kan fún baálé wọn, mo fi pọnmi níṣojú rẹ̀, mo gbé e dé ilé, kò dà sílẹ̀. Ó wo omi náà, ó bú sẹ́kún.

"Bàbá àlejò, bí omi bá dúró, kí ni a ó tún máa ṣe?"

Mo gba akèrègbè mi, mo jáde. Ènìyàn kì í bá irú wọn sùn ní ìlú kan náà.

Nígbà tí ó yá ni mo dé etí Òkun Gbọ̀npẹ̀pẹ̀. Mo ti rí òtútù rí. Mo ti sùn sórí òkè nígbà ọyẹ́. Ọmọ ọwọ́ ni ọyẹ́ tiwa lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Itọ́ tí mo tu di òkúta kí ó tó balẹ̀, ó bà mí lẹ́sẹ̀, ó sì dùn mí. Èémí imú mi dì mọ́ irùngbọ̀n mi bí òwú. Oòrùn wà lókè, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹyin inú omi: ó funfun, kò gbóná. Ilẹ̀ funfun, òkè funfun, kò sí igi, kò sí koríko, kò sí ibi tí ọdẹ lè sá pamọ́ sí. Àpáta yìnyín ń léfòó kiri lójú omi dúdú náà bí màlúù tí kò ní darandaran.

Orí omi yẹn ni mo ti rí àwọn ènìyàn. Olúkúlùkù dúró lórí pákó pẹlẹbẹ kan, ó wọ aṣọ rọ́bà dúdú láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ó di ìgbànú oníkọ̀ọ́ mọ́ ìdí. Okùn tín-ín-rín gbéra láti ibẹ̀ lọ sókè réré, níbi tí aṣọ ńlá kan tí a rán bí ìyẹ́ ẹyẹ ti ń gba atẹ́gùn mọ́ra. Àwòdì ni wọ́n ń pe aṣọ náà. Àwòdì ń fà wọ́n, pákó ń sáré, omi ń fọ́n ká lẹ́yìn wọn. Nígbà mìíràn wọn a fò sókè, wọn a yí po lójú ọ̀run, wọn a sì balẹ̀ bí ewé.

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹja ni wọ́n ń lé. Kò sí ẹja. Mo rò pé ẹrù ni wọ́n ń gbé lọ sí òdìkejì. Kò sí ẹrù. Mo ṣọ́ wọn bí ọdẹ ti ń ṣọ́ ẹran. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Ibi tí wọ́n ti gbéra náà ni wọ́n padà sí. Nígbà tí ó yé mi pé eré ni, inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí ara mi fi móoru díẹ̀ nínú òtútù náà. Atẹ́gùn tí ó lè lọ àgbàdo odindi ìlú! Apá tí ó lè ro oko! Mo rántí àwọn alágbọ̀n, mo rí i pé mo ti yára bú wọn. Àwọn yẹn kúkú ń gbìyànjú láti pọnmi.

Ìyá arúgbó kan jókòó lórí yìnyín létí omi, ó ń fi abẹ́rẹ́ rán àwòdì kan tí ó ya. Yìnyín dì mọ́ irun rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Yèyé Onítútù ni orúkọ rẹ̀, òun ni ó ń ṣe àkóso omi náà.

"Ẹ kú iṣẹ́, Yèyé."

"Iṣẹ́ kọ́, eré ni. Ìwọ tí o wé ara rẹ bí ẹ̀kọ yìí, kí lo wá ṣe?"

"Ọdẹ́níran ọmọ Ọdẹ́jàyí ni mò ń wá."

"Òun nìyẹn." Ó fi abẹ́rẹ́ tọ́ka sí ẹnì kan tí ó ń fò kọjá lórí àpáta yìnyín. "Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ tó tirẹ̀ níbí."

"Ẹ bá mi pè é."

"Ẹni tí ó wà lórí omi kì í gbọ́ ti ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀. Òfin wa nìyẹn. Bí o bá ní ọ̀rọ̀ bá a sọ, lọ bá a lórí omi."

"Èmi? Àgbàlagbà ọdẹ?"

"Àgbàlagbà kì í lúwẹ̀ẹ́ ní ìlú yín ni?"

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tèmi nìkan ni, ǹ bá ti padà. Ṣùgbọ́n mo rántí Àwẹ̀ró, mo rántí iṣu tí ó ń ta lóko. Mo wọ aṣọ rọ́bà náà. Ó fún mi bí ìgbà tí ọ̀pọ̀lọ́ bá wọ awọ ejò. Yèyé di ìgbànú oníkọ̀ọ́ mọ́ ìdí mi, ó fi ọ̀pá kan lé mi lọ́wọ́, ara rẹ̀ ni okùn àwòdì so mọ́.

"Gbọ́ dáadáa. Bí o bá fa ọ̀pá yìí mọ́ra, àwòdì yóò gba agbára. Bí o bá tì í síwájú, agbára yóò dín. Bí ẹ̀rù bá bà ọ́, jọ̀wọ́ rẹ̀."

"Ẹ̀rù kì í bà mí."

"Mo ti gbọ́. Jọ̀wọ́ rẹ̀ náà."

Ẹ gbọ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní ọjọ́ tí a gba ìbọn ni pé ọdẹ kì í jọ̀wọ́ ohun tí ó dì mú níwájú ewu. Bí ẹkùn bá fò mọ́ ọ, fún ìbọn mọ́ra. Bí ẹfọ̀n bá kàn ọ́ mọ́lẹ̀, fún un mọ́ra. Òfin yìí ti wọ inú egungun mi. Nígbà tí atẹ́gùn já lu àwòdì, tí ìdí mi kúrò nílẹ̀, kí ni ẹ rò pé mo ṣe? Mo fún ọ̀pá mọ́ra. Àwòdì gba agbára, ó gbé mi sókè. Mo tún fún un mọ́ra sí i. Ó gbé mi kọjá orí àpáta yìnyín, mo wo ìsàlẹ̀, mo rí òkè orí ẹyẹ òkun. Yèyé ń pariwo: "Tu ọwọ́! Tu ọwọ́, ìwọ olórí kunkun yìí!" Èmi kò tu ọwọ́. Àwòdì lọ́ mi po, ó sọ mí lu omi, ó sì ń wọ́ mi lọ lórí rẹ̀ bí òkú ajá. Omi náà kì í ṣe omi, abẹ́rẹ́ ni. Ó wọ imú mi, ó wọ etí mi, ó wá ọkàn mi kiri.

Ẹja ńlá kan tí ó tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yọ orí síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Kí ni eléyìí?" ni ó bi ẹnìkejì rẹ̀.

"Ó jọ ọdẹ."

"Kí ló wá pa?"

"Ara rẹ̀ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wọlẹ̀ lọ. Ẹja! Ẹja ni ó fi Ọdẹ́wùmí ṣẹ̀sín! Mo fẹ́ bú wọn, omi kún ẹnu mi. Ojú mi ń ṣókùnkùn lọ nígbà tí ẹnì kan fi pákó sáré dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó na ọwọ́, ó tú ìkọ́ ìgbànú mi. Àwòdì mi fò lọ. Ó fi ọwọ́ kan gbá mi lọ́rùn aṣọ mú, ó wọ́ mi lọ sórí pẹpẹ yìnyín kan, ó sì jù mí síbẹ̀ bí àpò gaàrí. Nígbà tí mo pọ omi tán, mo gbójú sókè. Ọdẹ́níran ni.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi lórí yìnyín.

"Ẹ kú àjò, Bàbá. Ẹ kú ewu."

"Baba rẹ kú."

Kò dìde ní ìdọ̀bálẹ̀. "Ìgbà wo?"

"Ìgbà tí o wà níbí tí ò ń ta bí ẹlẹ́ǹgà! A kò tíì ṣí ìpà rẹ̀. Ìbọn ìlú kò dún. Bí ọdún iṣu tuntun bá dé tí o kò bá wá fi ọwọ́ rẹ sọ ẹrù baba rẹ kalẹ̀, wọn yóò lé ìyá rẹ jáde. Dìde, a ń lọ."

"N kò lè lọ, Bàbá."

Mo gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí. Mo rántí ohun tí Àwẹ̀ró wí. Mo fa àádùn yọ nínú àpò. Ó ti le bí òkúta.

"Jẹun."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Jẹun kí n lè nà ọ́!"

Ó fi eyín gé e. Ó ń jẹ, omi ojú rẹ̀ ń dì ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ọwọ́ ìyá mi nìyí," ni ó wí. "Ata rẹ̀ nìyí." Mo dúró kí ó jẹ ẹ́ tán. N kì í na ẹni tí oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ó ti jẹun tán, òun ni ó ṣáájú mi sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ rántí ẹfọ̀n tí ó gún baba mi ní itan?"

"Tí ó fi ń tiro títí ó fi kú. Mo rántí."

"Èmi ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹfọ̀n náà bọ̀, mo yìnbọn, kò bà á. Mo jọ̀wọ́ ìbọn, mo gun igi. Nígbà tí ara baba mi yá, ó pè mí wọ yàrá, ó ní, 'Ọwọ́ tí ó jọ̀wọ́ ìbọn kò gbọdọ̀ kan ìpà mi láéláé.' Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kí ojú má baà tì mí. Ìdí tí mo fi kúrò nílé nìyẹn. Mo rìn títí mo fi dé ibi tí wọ́n ti ń yìn mí nítorí ọwọ́ tí ó mọ bí a ti ń jọ̀wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jọ̀wọ́, ẹ wo ohun tí omi fi yín ṣe lónìí. Ẹ fẹ́ kí n fi ọwọ́ yìí kan ìpà? Baba mi ti fi ẹnu ara rẹ̀ kọ̀ ọ́."

Ohun tí ó sọ nípa mi àti omi, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò sọ fún un pé òtítọ́ ni. Ìbínú mi kúrò lára rẹ̀, ó wá ibi tí ó ń lọ. Mo kọjú sí gúúsù, mo figbe ta: "Ọdẹ́jàyí! Ìwọ aláìnírònú yìí! O fi ẹnu rẹ ti ilẹ̀kùn, o kú, o gbé kọ́kọ́rọ́ lọ! Ìwọ ni o dí ìbọn wa, kì í ṣe ọmọ rẹ! Ìyàwó rẹ fẹ́ di alárìnkiri, èmi tí mo jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ ń dì bí ọ̀rá ẹran, nítorí ẹfọ̀n kan! Ta ni kò sá fún ẹfọ̀n rí? Ẹ̀yìn ta ni mo rí lórí igi ìrá lọ́dún tí odò kún? Ìwọ kọ́?"

Ọdẹ́níran ya ẹnu. "Baba mi gun igi?"

"Ó gun igi ju ọ̀bọ lọ! Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkú kì í yẹ̀. Ọwọ́ ni ó wí?"

"Ọwọ́ ni."

"Kò dárúkọ ẹnu?"

"Kò dárúkọ ẹnu."

"Níbo ni atẹ́gùn yìí ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ yín ni ó ń lọ, Bàbá. Yanrìn aṣálẹ̀ ni ó ń gba omi ara rẹ̀ lọ́nà, tí ó fi ń dé ọ̀hún bí ọyẹ́."

"Nígbà náà, fi ẹnu ṣe é."

Ó wo ojú ọ̀run. Ó ní bí òun bá kígbe láti ilẹ̀, àpáta yìnyín ni yóò gbé ohùn náà mì. Òun ní láti fò kọjá ìkùukùu, níbi tí atẹ́gùn ńlá ń gbé. Yèyé Onítútù ti gbọ́ wa láti etídò, ó ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Ọdẹ́níran, ìwọ ọmọ yìí, kò sí ẹni tí ó gòkè dé ibẹ̀ tí ó padà!"

"Yèyé, ìyá mi ni."

Ó bọ́ sórí pákó. Ó sáré gba iwájú mi kọjá, omi là sí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ó fa ọ̀pá mọ́ra lẹ́ẹ̀kan, ó gbéra. Ó ga bí ọ̀pẹ, ó ga bí òkè, ó kéré bí ẹyẹ ẹ̀ga, ìkùukùu gbé e mì. Gbogbo àwọn eléré dúró lójú omi. Mo gbọ́ ọ: "Ọdẹ́jàyí! Máa lọ! Fi igbó sílẹ̀!" Atẹ́gùn fọn bí fèrè. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ ti jìnnà. Ẹ̀ẹ̀kẹta kò jáde. Mo dúró. Èmi tí n kì í bẹ ẹnikẹ́ni, mo bẹ òfuurufú. Ìgbà náà ni ó dé, kì í ṣe igbe mọ́, ó dà bí ìgbà tí ọmọ bá ń pe baba rẹ̀ nínú yàrá: "Baba mi, ẹ máa lọ." Lẹ́yìn èyí ni àwòdì já wá láti inú ìkùukùu, ó ya sí wẹ́wẹ́, ọmọ náà so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó ṣubú sínú omi. A fa á jáde. Ó yè, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ti fọ́, ẹ̀jẹ̀ dì sí i.

"Ó yá," ni mo wí, "jẹ́ kí a lọ sílé."

"Ilé wo, Bàbá? Ibi tí wọ́n ti fẹ́ lé ìyá mi?"

Inú tún bí mi. Kò sí ohun tí ó ń bí ọkùnrin nínú tó ìbéèrè tí ó tọ́.

Wọ́n so mí mọ́ àwòdì tí ó tóbi jù níbẹ̀, wọ́n kọjú mi sí gúúsù, atẹ́gùn kan náà tí ó gbé ohùn lọ ni ó gbé mi. Mo kọjá lókè ìlú alágbọ̀n, mo kọjá lókè Ẹlẹ́tí-Kan, ó ju etí sí mi. Inú oko ẹ̀gẹ́ ni mo balẹ̀ sí ní Òkè-Àfọ̀n, mo sì fi ìdí hú ẹ̀gẹ́ kan tí kò tíì tó hú.

Ìbọn ń dún nínú igbó. Ènìyàn ń ké ẹran kiri. Wọ́n ní ọjọ́ iṣu tuntun ni wọ́n gbé ẹrù ìpà lé èjìká Olúọdẹ lọ sí oríta, tí wọ́n sì mú Àwẹ̀ró dání kí wọ́n lè ti ibẹ̀ lé e lọ. Ọyẹ́ dé lójijì nígbà tí kì í ṣe ìgbà rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ohùn Ọdẹ́níran nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Atẹ́gùn sì gbé ẹrù kúrò léjìká Olúọdẹ, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tí ó ti sùn.

Mo gba ilé Àwẹ̀ró lọ. Mo bá gbogbo ìlú níbẹ̀. Olúọdẹ gbé itan ẹfọ̀n, Balógun ọdẹ gbé àyà àgbọ̀nrín, wọ́n tò ó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwẹ̀ró wà nínú ilé, ó ń di ẹrù.

"Ìyá wa," ni Olúọdẹ wí, "ọ̀rọ̀ náà ti tán."

"Ó ti tán lọ́dọ̀ yín." Ó rí mi. "Bàbá Ọdẹ, ó jẹun?"

"Ó jẹ ẹ́ tán."

"Ẹ nà án?"

"N kò nà án."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹrù lé orí. "Ọ̀nà wo ni?"

"Ọdẹ́wùmí, má fi hàn án!" ni Olúọdẹ kígbe. "Ayé yóò ní àwa ni a lé e!"

"Ẹ kò lé e?"

Wọ́n ní kí n bá wọn bẹ̀ ẹ́, nítorí pé ó ń gbọ́ tèmi. Mo ní ẹnu tí wọ́n fi dá ẹjọ́ kò tíì bọ́, kí wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ fúnra wọn. Kò sí ẹni tí ó lanu. Mo fi ọ̀nà han Àwẹ̀ró. Mo sọ ti àlọ́ fún un, mo sọ ti agbọ̀n fún un, mo ní bí ó bá dé etí omi kí ó béèrè Yèyé tí ń ránṣọ. Mo sìn ín dé ẹ̀yìn ìlú. Kò wẹ̀yìn.

Ẹran tí wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jẹrà níbẹ̀. Èmi tí mo kórìíra òfò, mo ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, n kò mú nínú rẹ̀, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú un, títí ó fi di egungun níṣojú wọn.

Baba yín ni àwọn tí mò ń wí. Ìyá yín wà níbẹ̀, wọ́n sì dákẹ́. Ògiri kan ṣoṣo ni ó kù nínú ilé obìnrin náà, òun ni ẹ̀yin sì ń so ẹran ọ̀sìn mọ́ láràárọ̀ bí ẹni pé a mọ ọ́n fún un. Ọ̀rọ̀ mi tán, n kò ní tún un sọ. Ẹ dìde báyìí, kí ẹ lọ tú ewúrẹ́ yín kúrò lára ògiri Àwẹ̀ró.